Bí a ṣe ń mú ara bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ egungun ẹ̀yìn tí osteoporosis fọ́

Egungun kan tàbí méjì ni iṣẹ́ abẹ máa ń tún ṣe. Osteoporosis tó fọ́ wọn, ìyẹn àìsàn tó ń jẹ egungun nínú títí tó fi di ẹlẹgẹ́, ṣì wà nínú gbogbo egungun tó kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ìrora á lọ, ẹni náà á padà sẹ́nu iṣẹ́ ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, á máa tẹ̀, á máa gbé nǹkan, kí oṣù mẹ́ta sì tó pé, egungun tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ èyí tí wọ́n tún ṣe náà lè fọ́. Nítorí náà, ohun méjì ni ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wà fún: kí aláìsàn tètè dìde rìn, kó sì kọ́ ọ̀nà mìíràn tí yóò máa gbà lo ẹ̀yìn rẹ̀ títí lọ.

Aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé la kọ èyí fún. Bí ohun tó wà níbí bá yàtọ̀ sí ohun tí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà sọ, ti dókítà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Òun ló fojú ara rẹ̀ rí egungun náà.

Irú iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe?

Ìlànà kan náà kọ́ ló bá gbogbo iṣẹ́ abẹ mu.

Èyí tí wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ló yá jù. Nínú vertebroplasty, dókítà á gba ara awọ ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú egungun tó fọ́, á sì fún sìmẹ́ǹtì ìṣègùn sí i. Kyphoplasty fara jọ ọ́, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ ki rọ́bà kékeré kan tó ń wú sínú egungun náà kó lè gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì dí àyè tó ṣí sílẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, sìmẹ́ǹtì ti le. Wọ́n á ní kí aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì, ọ̀pọ̀ ló sì ń dìde rìn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìrora sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ọgbẹ́ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́dọ̀ iṣan tó ti rọ nítorí ìdùbúlẹ̀, àti lọ́dọ̀ egungun ẹlẹgẹ́ tó yí sìmẹ́ǹtì líle ká.

Èkejì ni ti onírin. Wọ́n á ki skúrù bọ egungun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ èyí tó fọ́, wọ́n á fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀. Egungun tí osteoporosis ti bà jẹ́ dà bíi pákó tí ikán ti jẹ inú rẹ̀: ìta dán, àmọ́ skúrù kò rí nǹkan gidi dì mú. Ìdí nìyẹn tí dókítà mìíràn fi ń fún sìmẹ́ǹtì yí skúrù ká, tàbí kó fa ọ̀pá irin náà gùn kọjá egungun púpọ̀. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí títẹ̀ síwájú láwọn oṣù àkọ́kọ́ léwu, torí ó lè máa tú skúrù díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Àwọn tí wọ́n ṣe irú èyí fún sábà máa ń dìde láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta. Kí egungun tó so pọ̀ dáadáa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ gba ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Egungun wo gan-an ni wọ́n ṣe? (Wọ́n á dárúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, bíi T12 tàbí L1. Ibi tí egungun ẹ̀yìn àyà ti pàdé ti ìbàdí yìí ló máa ń fọ́ jù.) Ṣé bẹ́líìtì ẹ̀yìn wà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó, ṣé kí a tó dìde ni ká dè é àbí lẹ́yìn tí a bá jókòó? Kílò mélòó ni a lè gbé? Ọjọ́ wo ni X-ray tó kàn? Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ oògùn egungun, ìgbà wo? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló máa ń ṣubú sáàárín: dókítà iṣẹ́ abẹ rò pé dókítà àdúgbò á ṣe é, dókítà àdúgbò rò pé wọ́n ti ṣe é, aláìsàn sì wà láìsí oògùn.

Lórí ibùsùn

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí aláìsàn tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí kò bá sùn, kó mí kanlẹ̀ ní ìgbà 10: kó fa atẹ́gùn wọlé láti imú títí ìhà yóò fi gbòòrò, kó dá a dúró díẹ̀, kó sì tú u síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í fẹ́ mí kanlẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kó máa tẹ ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò ní ìgbà 20, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì ní ẹ̀yìn ojúgun. Kó fún ìdí méjèèjì pọ̀, kó kà dé 5, kó tú u sílẹ̀, ní ìgbà 10. Kó máa wọ́ gìgísẹ̀ kan bọ̀ wá sí ìdí lórí ibùsùn, lẹ́yìn náà èkejì.

Ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ni o. Kí aláìsàn má gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè pọ̀ nígbà tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Iṣan tó ń gbé itan sókè ara egungun ìbàdí ló ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gbéra pa pọ̀, egungun ìbàdí yẹn gan-an ló ń fà.

Dídìde lórí ibùsùn ni ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Yíyí lódindi ni a ń pè é: èjìká, ìhà, ìgbáròkó àti orúnkún á yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ò ní lọ́.

1. Aláìsàn fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún méjèèjì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ jókòó sórí ibùsùn.
2. Kó gbé ọwọ́ tó jìnnà sí etí ibùsùn kọjá àyà rẹ̀, kó fa ikùn wọlé díẹ̀.
3. Kó yí sí ẹ̀gbẹ́, èjìká àti orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orúnkún bá ti dé, tí èjìká ṣì wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ti lọ́ nìyẹn. Kó padà, kó tún un ṣe.
4. Kó sún ẹsẹ̀ jáde kọjá etí ibùsùn láti orúnkún.
5. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, kó fi ìgbúnwọ́ ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ òkè ti ara rẹ̀ sókè. Ìwúwo ẹsẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ á bá a gbé àyà dìde.
6. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kó tó nàró. Lẹ́yìn ìdùbúlẹ̀ àti oògùn apàrora, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gòkè dé orí, ibẹ̀ ni òòyì ti ń gbé ènìyàn ṣubú.

Bó bá fẹ́ padà dùbúlẹ̀, ọ̀nà yẹn náà ni, láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀. Kó jókòó sí ibi tí orí yóò fi bọ́ sórí ìrọ̀rí tààrà, torí fífi ìdí wọ́ ara lọ sókè lórí ibùsùn máa ń dun ẹ̀yìn.

Olùtọ́jú ló máa ń ṣe àṣìṣe tó burú jù níbí: á di ọwọ́ aláìsàn méjèèjì mú, á fà á dìde láti iwájú. Ẹ̀yìn á ká kòlòkòlò, gbogbo ìwúwo ara á sì dé iwájú egungun, níbi tó ti fọ́. Ẹ̀yìn èjìká ìsàlẹ̀ ni kí olùtọ́jú ti ọwọ́ bọ̀, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn orúnkún, kó kàn máa tẹ̀ lé ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kó lo oògùn apàrora ní ìṣẹ́jú 30 sí 45 ṣáájú ìdárayá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oògùn tó lágbára bíi tramadol tàbí morphine fún un, ẹ bèèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí àwọn oògùn yìí máa ń dí inú. Kíkún àti fífi agbára yàgbẹ́ máa ń gbé ìnira ńlá lé egungun ẹ̀yìn. Lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, kó jókòó gbọọrọ, kó má tẹ̀ síwájú. Àgbàlagbà lè máa sọ ìsọkúsọ ní òru kìíní àti ìkejì. Ẹ tètè dá awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ padà fún un, kí iná díẹ̀ wà ní yàrá, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì.

Títẹ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Dókítà egungun ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Alf Nachemson, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ wọn ìfúnpá tó ń bá ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ìbàdí kan sí èkejì láti àwọn ọdún 1960. Tí a bá pe ti ìdúró gbọọrọ ní 100, ti ìfẹ̀yìnlélẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 25, ti ìjókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan jẹ́ 140, ti ìdúró tí a tẹ̀ síwájú jẹ́ 150, ti ìjókòó tí a tún tẹ̀ síwájú sì fò dé 185. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: ẹni tó jókòó sí etí ibùsùn, tó tẹ̀ láti wọ ìbọ̀sẹ̀, ń ni ẹ̀yìn rẹ̀ lára ju ẹni tó dúró lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ojú ìsinmi ni a fi ń wo ìjókòó.

Ní 1984, Mehrsheed Sinaki àti Mikkelsen láti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn obìnrin 59 tó ní osteoporosis ẹ̀yìn. Nínú àwọn tó ń ṣe ìdárayá tó ń na ẹ̀yìn sẹ́yìn, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní egungun mìíràn tó fọ́. Nínú àwọn tó ń ṣe èyí tó ń ká ẹ̀yìn síwájú, ó jẹ́ 89. Àwọn tó ń ṣe méjèèjì jẹ́ 53, àwọn tí kò ṣe nǹkan kan sì jẹ́ 67. Àwọn ènìyàn inú ìwádìí náà kò pọ̀, àmọ́ ọ̀nà tó tọ́ka sí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ṣì ń tẹ̀ lé: ìdárayá kíká ẹ̀yìn síwájú burú ju àìṣe ìdárayá rárá lọ.

Kí ni ká wá ṣe nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè wà láyé láìtẹ̀? A ń kọ́ títẹ̀ láti oríkèé ìgbáròkó. Ẹ wá ọ̀pá gígùn kan tó tọ́, kí aláìsàn dì í mú sẹ́yìn ara lóòró, kó kan ibi mẹ́ta: ẹ̀yìn orí, àárín èjìká méjèèjì, àti egungun ìdí. Kó dúró, ẹsẹ̀ fẹ̀ tó ìbú èjìká, kó jẹ́ kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Kó wá ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó, kí àyà sì máa tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ kúrò lára ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá kúrò ní ìdí, ìbàdí ló ká. Bó bá kúrò ní ẹ̀yìn orí, ọrùn àti òkè ẹ̀yìn ló rọ̀ síwájú. Ìgbà 5, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹnì kan dúró tì í. Bí ẹ̀yìn aláìsàn bá ti tẹ̀ tipẹ́ tí orí kò lè kan ọ̀pá, ẹ fi aṣọ tí a ká dí àlàfo náà, ẹ má fi tipátipá tì í.

Bó ṣe ń wọ inú ayé ojoojúmọ́ nìyí. Níbi ìfọjú àti ìfọyín, kí ọwọ́ kan di etí àwo ìfọwọ́ mú, kí ẹsẹ̀ kan wà lórí àpótí kékeré, kó sì gbé omi wá sí ojú dípò kó gbé ojú lọ bá omi. Ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà: kó jókòó, kó gbé ọrùn ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì, tàbí kó lo irin gígùn tí a fi ń wọ bàtà. Ohun tó bọ́ sílẹ̀: kó fi ọwọ́ di àga mú, kó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kó mú un, kó sì fi itan gbé ara dìde, irin agbé-nǹkan ọlọ́wọ́ gígùn dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ yíjú sí ẹ̀gbẹ́, kó gbé ẹsẹ̀ yí, kí imú àti ìdodo máa kọjú sí ibì kan náà. Bó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, kó kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kó wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì àti àyà wọlé pọ̀.

Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ sín-ín-sín àti ikọ́, bẹ́ẹ̀ sín-ín-sín kan ṣoṣo lè fọ́ egungun tó ti fúyẹ́ tán. Tó bá ti ń bọ̀, kó na ẹ̀yìn, kó fi ọwọ́ kan ti ògiri tàbí itan, kó fa ikùn wọlé, kó sì sín pẹ̀lú ẹ̀yìn gbọọrọ.

Ìjókòó náà ní òfin rẹ̀. Àga tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50, tó le, tó ní apá, tó ní ẹ̀yìn. Aṣọ ìnura tí a ká sí ẹ̀yìn ìbàdí. Kó má kọjá ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àga rírọ̀ tó ń gbé ènìyàn mì kò dára, bó ti wù kó dùn tó. Kó gbé fóònù sókè sí iwájú ojú rẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba sìmẹ́ǹtì ló nílò rẹ̀. Àwọn tó gba skúrù sábà máa ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, nígbà tí wọ́n bá jókòó tàbí dúró, wọ́n á sì bọ́ ọ tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n má bọ́ ọ. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yẹ awọ ara wò lálẹ́ lójoojúmọ́: pípọ́n tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì ń fún ibẹ̀ jù. Ọ̀fìn kan wà tí àwọn ènìyàn ń bọ́ sí: ara máa ń tù wọ́n nínú bẹ́líìtì, wọ́n á wá kọ̀ láti bọ́ ọ, iṣan ẹ̀yìn á sì máa rọ lójoojúmọ́. Nígbà tí dókítà bá ní kó kúrò, wákàtí kan sí méjì ni kẹ́ ẹ máa yọ kúrò nínú rẹ̀ lójúmọ́ títí yóò fi tán.

Ìrìn

Ìrìn ni oògùn àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 5, ìgbà 4 sí 6 lójúmọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí méjì kún ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì, títí ẹ̀ẹ̀kan yóò fi tó ìṣẹ́jú 30. Ìgbà púpọ̀ tó kúrú sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó gùn lọ, torí tí iṣan bá ti rẹ̀, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ wọn gíga wọ́kà (irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń dì mú rìn) tàbí ọ̀pá ìtilẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Aláìsàn á dúró gbọọrọ nínú bàtà tó ń wọ̀, á sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ibi tí ìlà ọrùn ọwọ́ wà ni kí ibi ìdìmú wà. Wọ́kà tó kúrú máa ń fi tipátipá tẹ ènìyàn síwájú, bó sì ṣe sábà máa ń rí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá fi 0 sí 10 wọn ìrora, tó bá fi 2 lé sí i nítorí ìdárayá, tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò burú. Bó bá ju 2 lọ, tàbí tó ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín ìwọ̀n náà kù sí ìdajì fún ọjọ́ méjì. Ẹ má dá a dúró pátápátá.

Ìdárayá, bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ

Ẹni tó gba sìmẹ́ǹtì nìkan lè bẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó gba skúrù á dúró de àṣẹ dókítà, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá ti jinná.

Títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà: aláìsàn á fẹ̀yìn lélẹ̀, orúnkún ká sókè, á fa ìdodo wọlé pẹ̀lẹ́ láìséèémí, á ka 5, ìgbà 10. Ní ipò yẹn náà, á fi ẹ̀yìn èjìká méjèèjì àti ìgbúnwọ́ tẹ ibùsùn, á ka 5, ìgbà 10. Á fi ẹ̀yìn orí tẹ ìrọ̀rí pẹ̀lẹ́, àgbọ̀n wọlé, ìgbà 10. Lórí àga, á dìde á jókòó ní ìgbà 5, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, á sì máa pọ̀ sí i títí dé 10. Àtẹ́lẹsẹ̀ á wà lẹ́yìn orúnkún díẹ̀, ẹ̀yìn á gùn, imú á kọjá orí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á wá dìde. Bó bá nílò apá àga, kó lò ó. Ní ìdúró, á di ohun tó dúró ṣinṣin mú, á gbé gìgísẹ̀ sókè ní ìgbà 10. Nínú gbogbo àkókò yìí, ohun tó bá ju kílò 2 lọ, ẹlòmíràn ni kó gbé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá: ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó gbé ìdí sókè kúrò nílẹ̀, kó ka 3, ìgbà 8 sí 10. Ó lè wà lórí ọwọ́ àti orúnkún, kó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, nígbà tó bá rọrùn kó na ọwọ́ òdì kejì pẹ̀lú. Ikùn kò gbọdọ̀ jábọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ gbun sókè. Kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó máa gbé ọwọ́ méjèèjì gòkè lára rẹ̀. Kó máa gun àtẹ̀gùn kan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Kó fa rọ́bà ìdárayá tí a so mọ́ nǹkan wá sí ìhà, kí ẹ̀yìn èjìká pàdé. Ó lè gbé tó kílò 5, bí a bá dì í mọ́ àyà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejìlá, tí X-ray bá dára, ni a tó ń kàn ìdárayá tó ṣiṣẹ́ jù fún ẹ̀yìn. Aláìsàn á dojú bolẹ̀, ìrọ̀rí kan lábẹ́ ikùn, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, á fa ẹ̀yìn èjìká pọ̀, á gbé àyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ojú á máa wo ilẹ̀. Kó ka 3 sí 5, ìgbà 10. Kó má gbé e ga. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tó. Ẹni tí kò lè dojú bolẹ̀ lè jókòó, kó na ẹ̀yìn lòdì sí rọ́bà.

Ìdúróṣinṣin kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ìpele kankan láti ọ̀sẹ̀ kejì. Kó dúró, ẹsẹ̀ kan níwájú èkejì, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó máa gùn dé 30, níbi igun ògiri méjì tàbí níwájú tábìlì tó wúwo. Ìṣubú wà lára ohun tó ń fọ́ egungun.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe: dídìde jókòó láti ìfẹ̀yìnlélẹ̀ láti fi mú ikùn le, fífọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, lílọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára, fífò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ẹ̀yìn yẹn tàbí kó tẹ̀ ẹ́ kó dún, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n tó.

Oògùn egungun àti oúnjẹ

Láìsí èyí, gbogbo ohun tó ṣáájú jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Alendronate, mílígíráàmù 70 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Òwúrọ̀ kí a tó jẹun ni, pẹ̀lú ife omi lásán tó kún, kí aláìsàn sì jókòó gbọọrọ tàbí kó dúró fún ìṣẹ́jú 30, láìjẹ, láìmu nǹkan mìíràn. Bó bá dùbúlẹ̀, oògùn náà lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì lè jókòó fún ìṣẹ́jú 30 kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Zoledronic acid wà fún irú wọn, mílígíráàmù 5 láti ojú iṣan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí kíndìnrín bá dára tí vitamin D inú ẹ̀jẹ̀ sì tó.

Denosumab, mílígíráàmù 60, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ní ewu kan tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: tí a bá fi í sílẹ̀ lójijì, egungun ẹ̀yìn lè fọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ tó kàn sára kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá oṣù keje. Teriparatide, máíkírógíráàmù 20 lójúmọ́ fún oṣù 24 ó pọ̀ jù, ń kọ́ egungun tuntun, àmọ́ oògùn mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ohun tó kọ́ á wó padà.

Calcium tó mílígíráàmù 1,000 sí 1,200 lójúmọ́, kí oúnjẹ kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ hóró, kó má ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má sì sún mọ́ àkókò alendronate, torí á dí i lọ́nà. Vitamin D, 800 sí 1,000 IU. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ṣe pàtàkì: gíráàmù 1 sí 1.2 purotéènì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi 60 sí 72 fún ẹni tó wúwo tó kílò 60. Sìgá ń fa ìsopọ̀ egungun sẹ́yìn.

Inú ilé

Ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń yọ̀ kúrò. Ẹ fi iná sí ọ̀nà tó ti ibùsùn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí ènìyàn lè ṣubú lóru. Irin ìdìmú ní balùwẹ̀, àga ìgbọ̀nsẹ̀ tó ga, bàtà tó bo gìgísẹ̀. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ kó wà láàárín ìbàdí sí èjìká. Ẹ ní kí dókítà tún wo oògùn oorun àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró dilẹ̀

Lọ́jọ́ náà gan-an: ẹsẹ̀ tó ń kú tàbí tó ń rọ, abẹ́ tàbí àárín itan tó kú tipiri, ìtọ̀ tó dúró tàbí tó ń dà láìmọ̀, èémí tó kúrú tàbí àyà tó ń dunni, (torí ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí sìmẹ́ǹtì tó dà jáde lè dé ẹ̀dọ̀fóró), ẹ̀yìn ojúgun kan tó wú, tó gbóná. Láàárín ọjọ́ kan: ibà tó ju 38 lọ, ọgbẹ́ tó ń ṣomi tàbí tó ń pọ́n sí i.

Ìrora tuntun tó dé lójijì níbi tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tó ń le tí a bá dìde, tó sì ń rọ̀ tí a bá dùbúlẹ̀, ẹ kà á sí egungun mìíràn tó fọ́ títí X-ray yóò fi sọ òdì kejì. Ó máa ń yí wá sí ìhà tàbí ikùn, àwọn ènìyàn á sì máa wá oògùn inú kiri. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì ló wọ́pọ̀ jù.

Ìwọ̀n ní oṣù kẹta

Kí aláìsàn dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan ní ìgbà 5: bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ẹsẹ̀ kò tíì lágbára tó. Kó dìde lórí àga, kó rin mítà 3, kó padà jókòó: ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ túmọ̀ sí pé ó lè ṣubú, ìdárayá ìdúróṣinṣin ni kí ẹ fi kún. Ẹ sì wọn gíga rẹ̀ lára ògiri, láìwọ bàtà, ní òwúrọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bí gíga náà bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 dín sí ti ìgbà tó kọjá, X-ray ló kàn, kódà bí ẹ̀yìn kò bá dùn ún rárá.